Báwo la ṣe lè dá sí ìlànà tí wọ́n ń kọ lórí omi aró wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aláró ni mí l'Óṣogbo, àdìrẹ ni mo fi ń jẹun. A gbọ́ pé àjọ ìjọba kan ń kọ ìlànà tuntun kí omi aró má baà máa ṣàn wọ odò Ọ̀ṣun. Mi ò lòdì sí i. Omi tó ní kọ́sítíìkì sódà kò yẹ kó wọ odò, yálà èèyàn ń bọ Ọ̀ṣun tàbí kò bọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ní kálukú wa gbọ́dọ̀ ṣe táǹkì oníkọnkéré kó tó gba ìwé àṣẹ. Ìyá àgbà tó ní ìkòkò méjì péré, níbo ló ti fẹ́ rówó ẹ̀? Táǹkì kan ládùúgbò ò ha tó?

Òfin 2011 lórí ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ní kí wọ́n dá èèyàn lóhùn láàárín ọjọ́ 7, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. A ó fi bèèrè ìwé ìlànà tí wọ́n ń kọ ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Alága wa ní ká lọ kí ọnọrébù nílé. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀, torí ọnọrébù kọ́ ló ń kọ ìlànà. Lẹ́tà tó sọ iye owó tí táǹkì máa ná wa ló wù mí.

Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ọ̀gá àgbà àjọ náà la ó kọ ọ́ sí ni, àbí agbẹjọ́rò wọn? Ṣé ká dúró dìgbà tí wọ́n bá pe ìpàdé, àbí ká tètè lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?