Kóòtù ti àkáǹtì mi pa, owó aṣọ ẹgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀

Aláṣọ Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti àná ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun mi.

Aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Ajé. Ní 2023 mo gba léèsì àti dámáàsìkì láwìn lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Balógun, l'Ékòó. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni náírà já, ọjà gbówó lórí, àwọn tó ní àwọn máa rà á kò yọjú mọ́. Mo ń san án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku 1,380,000 náírà. Ọ̀gá ní òun ò lè dúró mọ́. Ìwé kóòtù dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbà á, mo tì í sábẹ́ àpótí. Kí n má purọ́, mi ò lọ. Mo rò pé tí mo bá ti rí 200,000, màá gbé e lọ bá a, màá kúnlẹ̀, ó tán. Adájọ́ dá ẹjọ́ náà láìsí mi níbẹ̀: gbogbo gbèsè, pẹ̀lú 50,000 owó ẹjọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́, kò lọ. Ọmọbìnrin bánkì ní, "Mummy, lien ló wà lórí ẹ̀, kóòtù ló ní ká tì í." 1,842,000 ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń pa mí ni pé 1,170,000 nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Owó aṣọ Ojúde Ọba ni. Obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ́ wa ló dá 45,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí èmi gbà á pọ̀ torí èmi ni aláṣọ. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méje, ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn ń dúró de owó. Ààrẹ ẹgbẹ́ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ìwé tí wọ́n mú wá lánàá ní "garnishee order nisi". Òní ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n dá síbẹ̀. Ṣé owó olówó ti lọ nìyẹn?

Ṣẹ́gun Ìmọ̀wò

Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ yáa ṣí àkáǹtì lórúkọ ọmọ yín, kí àwọn oníbàárà máa sanwó síbẹ̀. GSI nìyẹn, ètò tí bánkì fi ń yọ gbèsè nínú gbogbo àkáǹtì èèyàn, BVN ni wọ́n fi ń mú èèyàn.

Akọ̀wé Àtijọ́, Ṣágámù

Ìyá mi, ẹ fara balẹ̀. Mo ṣe akọ̀wé ní kóòtù májísíréètì fún ọdún mọ́kànlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò kì í ṣe lọ́yà o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ṣẹ́gun, GSI kọ́. Ìyẹn, tí CBN bẹ̀rẹ̀ ní August 2020, wà fún ẹni tó yá owó lọ́wọ́ bánkì tí kò san. Bánkì ò nílò adájọ́ fún un. Ti màmá yìí, kóòtù ló ní kí bánkì di owó mú. Ẹ má dán ọ̀rọ̀ àkáǹtì ọmọ wò. Olówó lè fi judgment summons pè yín, wọ́n á mú yín búra, wọ́n á bi yín níbi tí owó ọjà ń gbà wọlé. Ẹni tí kò ní kọ́ ni wọ́n ń wá, ẹni tó ní tó fi pamọ́ ni, ìyẹn sì lè dé ẹ̀wọ̀n.

Nisi, ìyẹn àṣẹ àkọ́kọ́, kò tíì gbé owó lọ. Bánkì ni wọ́n ń bi pé kó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó san án fún olówó. Ọjọ́ tó bá di absolute, ìyẹn àṣẹ ìkẹyìn, ni owó ń lọ. Láyé àwọn bàbá wa, olówó á rán ológò wá dógò tì yín, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa pa adìyẹ yín jẹ títí ẹ ó fi san. Bánkì ni ológò ìsinsìnyí, àfi pé kì í jẹ adìyẹ.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ yín rèé: ẹ ní àná ni ìwé dé ọwọ́ yín, òní ọjọ́ mẹ́wàá sì ni ìgbẹ́jọ́? Abala 83 òfin Sheriffs and Civil Process ní ìwé gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ onígbèsè ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sẹ́yìn ìwé náà báyìí. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, kí lọ́yà yín sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sún un síwájú.

Gbèsè àti owó ẹjọ́ jẹ́ 1,430,000. Tí iye yẹn ló wà nínú ìwé, kí ni bánkì ń fi 412,000 tó lé ṣe? Ẹ lọ bá wọn. Ẹ yẹ àkáǹtì yín yòókù wò pẹ̀lú, torí lọ́yà olówó máa ń to bánkì rẹpẹtẹ sínú ìwé kan ṣoṣo.

Owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa lọ rò ó. Ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè, wọ́n á ní ọgbọ́n lẹ̀ ń dá. Kí àwọn tó ni owó fẹsẹ̀ ara wọn wá. Òfin gba bánkì láyè láti sọ pé ti ẹlòmíràn ni owó tó wà lọ́wọ́ òun, kóòtù á sì pe ẹni náà kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Kí ààrẹ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe ìwé ìbúra, kí wọ́n so ìwé tí ẹ kọ orúkọ sí mọ́ ọn, pẹ̀lú sítétímẹ́ǹtì tí 45,000 kọ̀ọ̀kan ti wọlé. Mi ò ṣèlérí o. Owó ẹgbẹ́ tí ẹ dà pọ̀ mọ́ owó ọjà, adájọ́ lè wò ó títí kó ní òun ò rí ìyàtọ̀.

Èyí tó bá kù, ẹ bẹ kóòtù pé ẹ fẹ́ máa san án lóṣooṣù. Ẹ má torí ìtìjú pe 200,000 tí ẹ mọ̀ pé apá yín ò ká.

Ìyá Gàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Aláṣọ, ọ̀rẹ́ mi, gbogbo ohun tí Bàbá wí, tèmi ṣẹlẹ̀ rí. 640,000. Èmi náà gba nisi, mo lọ gbàdúrà lórí òkè, mi ò lọ sí kóòtù. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ó ti di absolute.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe adájọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Pe ààrẹ ẹgbẹ́ lónìí. Obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Ìjẹ̀bú, owó aṣọ Ojúde Ọba! Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ olè ni wọn yóò sọ ọ́ dà. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, wọ́n á bú ẹ, wọ́n á sì tẹ̀ lé ẹ lọ.

Aláṣọ Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé o. Mo ti dé ọ̀dọ̀ ààrẹ. Ó bú mi débi pé ọmọ rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ló bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ó ní kí n jẹun, ó bi mí pé aago mélòó ni kóòtù ń jókòó. Òun àti akọ̀wé máa lọ búra lọ́la. Wọ́n ti gba iṣẹ́ akápò lọ́wọ́ mi, ìyẹn tọ́ sí mi. Bánkì ní àwọn á tú 412,000 sílẹ̀ tí àwọn bá ti fi wé ìwé kóòtù.

Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Ìwé tí mo kọ orúkọ wọn sí, epo ọ̀jọ̀jọ̀ ti bà á jẹ́ lójú ewé méjì, mo sì fagi lé orúkọ méjì tó san lẹ́yìn. Ṣé kí n tún un kọ sínú ìwé tuntun kó lè mọ́?

Akọ̀wé Àtijọ́, Ṣágámù

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ mú un lọ tepo-tepo bẹ́ẹ̀.