Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó dábàá pé ká máa pe ọ̀nà tí èso àti ẹ̀fọ́ ń gbà láti oko títí dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́ ní "ẹ̀wọ̀n ìpèsè" ("supply chain" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ṣiṣẹ́, mo kí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọlé tó fi ṣàpẹẹrẹ: "Ìjọba fẹ́ tún ẹ̀wọ̀n ìpèsè ẹ̀fọ́ ṣe." Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé oúnjẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń sọ.

Ẹ̀wọ̀n a máa de nǹkan mọ́lẹ̀, ọjà yìí kì í sì í dúró. Tòmátò tí wọ́n ká láàárọ̀ ṣì ń mí nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ń gbóná, ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀, títí omi á fi máa kán nídìí apẹ̀rẹ̀. Láti ọwọ́ àgbẹ̀ ó bọ́ sọ́wọ́ alájàpá, ó dọ́wọ́ awakọ̀, ó dọ́wọ́ aláròóbọ̀. "Àtọwọ́dọ́wọ́" ì bá bá a mu gan-an, àmọ́ àṣà ti gbà á lọ́wọ́ wa. Mo wá hun tèmi: à-ti-oko-dé-ọjà, àtokodọ́jà. "Ìlànà ìjọba lórí àtokodọ́jà ẹ̀fọ́." Ẹ fẹnu pè é wò ná kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Mo mọ ibi tó ti ń jò. Bí ìjọba bá fowó ìrànwọ́ sórí irúgbìn àti ajílẹ̀, ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ kí nǹkan tó kúrò lóko. Mo gbà, kí ìyẹn máa jẹ́ ohun èlò oko.

"Ẹ̀fọ́" gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Òun la fi ń túmọ̀ "vegetable" ti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ewé ni ẹ̀fọ́ lẹ́nu wa. Ta ló ń pe tòmátò ní ẹ̀fọ́? Owó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ní Amẹ́ríkà, òfin owó ibodè ti 1883 bu owó lé ẹ̀fọ́ tó ń wọ̀lú, kò bu ú lé èso. Àwọn oníṣòwò kan pẹjọ́ pé èso ni tòmátò, kí wọ́n dá owó àwọn padà. Ní 1893, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní òótọ́ ni, èso ni lọ́dọ̀ onímọ̀ ewéko, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ni lẹ́nu ará ọjà. Owó ò padà. Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn ka kárọ́ọ̀tì mọ́ èso nínú òfin wọn lórí jáàmù!

Nítorí náà, bí ẹ bá ń túmọ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: tòmátò, ata, kárọ́ọ̀tì, ewé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gba ata àti ewé pọ̀, kó mú un wá. Èmi ò tíì rí i.