Òòfà ti ba àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n Bàbá mi jẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mojí: Ẹ káàárọ̀ o. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbọ̀ngbọ̀n, 21 ínṣì, ni Bàbá mi fi ń wo ìròyìn, wọn ò gbà ká pààrọ̀ rẹ̀. Lánàá, ọmọ mi rí òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́, ló bá ń fi í ra ojú gíláàsì. Àwòrán ń lọ́, inú ọmọ ń dùn! Mo ti gba òòfà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n igun òkè ṣì dà bí èsè àlùkò, ojú ẹni tó ń ka ìròyìn sì dà bí ewé. Mo nù ún títí, pàbó. Ẹnìkan ní gíláàsì ló jóná. Ṣé lóòótọ́ ni?

Bàbá Kẹ́mi: Rárá o, kò jóná. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníhò wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn. Ìtànṣán mẹ́ta ń gba ihò wọ̀nyẹn kọjá, kálukú ń lọ bá àwọ̀ tirẹ̀: pupa, ewé, búlúù. Òòfà ló ń tì wọ́n kúrò lọ́nà. Irin náà ti wá gba agbára òòfà sára, ìyẹn ni àbàwọ́n ò ṣe lọ. Tí dúdú-àti-funfun ni, tí kò ní irin yẹn, ẹ bá gbé òòfà kúrò, ó parí.

Wáyà kan yí gíláàsì náà ká tó ń fọ agbára òòfà kúrò lára irin yẹn. Ìró “hùùn” tí ẹ máa ń gbọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tẹlifíṣọ̀n, òun ni. Kì í ṣiṣẹ́ tí ara ẹ̀rọ bá ṣì gbóná. Ẹ pa á látojú ṣúìṣì, kì í ṣe rìmóòtù, ẹ jẹ́ kó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó tún un tàn. Ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́rin.

Àǹtí Bísí: Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà. Sípíkà ńlá tí ọkọ mi gbé ti tiwa ló fa irú rẹ̀.

Ìyá Mojí: Fóònù àti fíláàṣì mi ńkọ́?

Bàbá Kẹ́mi: Òòfà ò lè pa ohun tó wà nínú fíláàṣì rẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì àti káàdì ATM tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn ni kí ẹ gbé jìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yẹn. Iná inú rẹ̀ ju 20,000 fóòtì lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà.

Ìyá Mojí: Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú ẹni tó ń ka ìròyìn ti padà sípò! Ó ku díẹ̀ ní etí.

Bàbá Kẹ́mi: Ẹni tó ní wáyà ròbótó tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ látìta lè yọ ìyókù. Á máa yí i níwájú gíláàsì, á rọra fà á sẹ́yìn tó mítà 2 kó tó pa á. Tó bá pa á nítòsí, àbàwọ́n á tún padà.

Ìyá Mojí: Ẹ ṣé gan-an ni sà. Màá pe ẹnìkan lọ́la, kí ìròyìn alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.