Mo fẹ́ tún bímọ: ṣé ohun tó ṣe ọmọ mi lè ṣe àbúrò rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Houston ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi ń lọ sí ọdún méjì. Spina bifida ni wọ́n bí mọ́ ọn: eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé nínú oyún. Ọjọ́ kejì tí mo bí i ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbé e. Ìyá ọkọ mi ní kì í ṣojú lásán.

A fẹ́ bí òmíràn. Kí ni mo lè ṣe kó má tún rí bẹ́ẹ̀? Nọ́ọ̀sì kan tún sọ fún mi pé ìjọba Texas ń kọ gbogbo irú ọmọ báyìí sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ọmọ mi ṣe? Ṣé kò ní kó bá ìwé ìgbélùú wa?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi rù yín.

Nọ́ọ̀sì Dallas: Àbúrò mi, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwé yẹn. Lọ́dún 1991, ní Brownsville lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò, ọmọ 3 ni wọ́n bí nílé ìwòsàn kan láàárín wákàtí 36, tí ọpọlọ àti agbárí wọn kò pé; ẹbí kan náà ni èyí àti spina bifida. Àwọn òṣìṣẹ́ ló figbe ta. Ìpínlẹ̀ ò ní àkọsílẹ̀ tí wọn ì bá fi mọ̀ bóyá iye náà ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló bí òfin ọdún 1993 tó ní kí Texas máa kọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ wọn máa ń lọ ka fáìlì nílé ìwòsàn fúnra wọn. Òfin ní kí wọ́n pa orúkọ mọ́ láṣìírí, kò sì kan ìwé ìgbélùú.

Lọ́dún 1991 yẹn náà ni ìwádìí àwọn ará Brítéènì jáde: ìyá tó ti bí irú ọmọ yìí rí, tó bá ń lo fítámìn tí wọ́n ń pè ní folic acid, mílígíráàmù 4 lójoojúmọ́ kó tó lóyún, ewu náà á fi ìdá 72 nínú 100 dín kù. Ìlọ́po 10 èyí tí àwọn obìnrin yòókù ń lò ni, nítorí náà dókítà ni kó kọ ọ́ fún ọ. Jọ̀ọ́, má gbé fítámìn aboyún 10 mì lẹ́ẹ̀kan o! Fítámìn A tó bá pọ̀ jù lè ṣe oyún léṣe. Bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan, ó kéré tán, kí oyún tó dé, títí oyún á fi pé oṣù mẹ́ta.

Ọmọ Ìbàdàn: Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó fún mi ní folic acid níbi ìtọ́jú aboyún.

Nọ́ọ̀sì Dallas: Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọjọ́ 28 péré lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ẹ̀yìn ọmọ ti yẹ kó padé. Obìnrin mìíràn ò tíì mọ̀ pé òun lóyún.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé oúnjẹ ò lè tó? Ẹ̀kọ, àmàlà àti iyán là ń jẹ, a kì í jẹ búrẹ́dì.

Nọ́ọ̀sì Dallas: Kò lè tó. Láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí wọ́n máa po folic acid mọ́ ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ti ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe tortilla, ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́. Èlùbọ́ tí wọ́n kó ti ilé wá fún ọ kò sí nínú ẹ̀. Máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n lo oògùn rẹ. Ṣé o ní ìtọ̀ ṣúgà? Ṣé o ń lo oògùn wárápá? Sọ fún dókítà, torí valproate, ọ̀kan nínú oògùn wárápá, lè fa irú èyí.

Ẹni tó béèrè: Mi ò ní ìkankan. Ọjọ́bọ̀ ni màá rí dókítà. Mo ka ọ̀rọ̀ Brownsville fún ìyá ọkọ mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní kí n pe orúkọ oògùn náà fún àwọn, kí àbúrò ọkọ mi tó fẹ́ ṣègbéyàwó lè bá ìyàwó rẹ̀ rà á.