Ìsopọ̀ aládàáṣe àbí ìkọ́ akọ́ra? Lórí orúkọ irin tí wágọ̀nù rélùwéè fi ń mú ara wọn

Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Orúkọ mẹ́rin ló ti wà nílẹ̀ lédè Yorùbá fún irin tó wà ní iwájú àti ẹ̀yìn wágọ̀nù rélùwéè, èyí tí ọ̀kan fi ń mú èkejì nígbà tí wọ́n bá kanra, láìjẹ́ pé ẹnì kan fi ọwọ́ dè wọ́n, tí wọ́n fi ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fẹ́ ká pè é ní "ìsopọ̀ aládàáṣe". Ẹnì kan fèsì pé "agbáramú" ló dára. Ẹ̀gbọ́n wa kan mú "ìkọ́ adákọ́" wá. Ẹni kẹrin ní ká má da ara wa láàmú, ká kúkú pè é ní "kọpúlà", torí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò pè é náà nìyẹn.

"Kọpúlà" kò ní àbùkù lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò tíì rí irin náà rí, bẹ́ẹ̀ ìwé ìkọ́ni àti ìlànà ààbò la fẹ́ fi orúkọ yìí kọ. "Agbáramú" dùn lẹ́tí mi gan-an. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí yóò rí i lórí ìwé tí kò ní kà á bí "agbára mú". Ohùn wọn kò yàtọ̀ rárá. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé "agbáramú náà já", kí ni ká gbà pé ó já?

Ó wá ku "ìsopọ̀ aládàáṣe" àti "ìkọ́ adákọ́". Lórí méjèèjì yìí ni mo ní ẹjọ́ rò.

Ẹ jẹ́ ká mú "so" ná. Ẹni tó bá ń so nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ wà lára nǹkan náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ nìyẹn: òrùka irin gígùn kan àti píìnì méjì. Òṣìṣẹ́ á dúró sáàárín wágọ̀nù méjì, ọ̀kan nínú wọn á máa bọ̀ wá bá a, á fi ọwọ́ darí òrùka náà wọnú ihò, á sì ju píìnì sí i. Bí kò bá tètè fa ọwọ́ kúrò, ìka á lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, odidi ara ló wà láàárín irin méjì. Ní Yúróòpù títí di òní, ọ̀pọ̀ wágọ̀nù ẹrù ló jẹ́ pé ènìyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ wọ àárín tìmùtìmù irin méjèèjì tí wágọ̀nù fi ń kanra, á gbé ẹ̀wọ̀n tó wúwo kọ́ ìkọ́ wágọ̀nù kejì, á lọ́ ọ le, á sì fi ọwọ́ so rọ́bà afẹ́fẹ́ bíréèkì. Ìsopọ̀ gidi nìyẹn. Ohun tí irin tuntun yìí wá mú kúrò gan-an ni "so", kò sì yẹ ká tún fi pè é.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá a mu ni "kọ́". Eli Janney, ará Virginia, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí irú èyí tó wá gbilẹ̀, ní ọdún 1873. Ẹ ká ìka ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì, ẹ fi wọ́n kọ́ra, kí ẹ wá fà: bí ti Janney ṣe rí nìyẹn. Irin bí ìka kan ń yí lórí píìnì ní ẹnu ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wágọ̀nù kejì bá dé tó sì kàn án, á ti ìka náà pa dé, irin àtìpa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì fi ìwúwo ara rẹ̀ já sílẹ̀ kí ìka náà má baà lè ṣí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tú wọn á dúró sí ẹ̀gbẹ́, á gbé ọ̀pá kan sókè, ọ̀pá náà á sì gbé irin àtìpa. Kò sẹ́ni tó wọ àárín. (Àwọn kan máa ń sọ pé Andrew Beard, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sínú ẹrú ní Alabama, ló kọ́kọ́ ṣe é. Iṣẹ́ Beard jọni lójú, ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ sì jáde ní 1897, àmọ́ ti Janney ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà. A lè yin Beard láìgba ti ẹlòmíì fún un.)

Bí ẹnì kan bá wá sọ pé ká kúkú pè é ní "ìkọ́ oníka", mo gbà, fún ti Janney nìkan. Èyí tí wọ́n ń lò ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń pè ní SA3, kò ní ìka. Eyín ńlá kan àti eyín kékeré kan ló ní, wọn kì í sì í ṣí wọn bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pa wọ́n dé. Ti Scharfenberg ará Jámánì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Orúkọ gbogbogbòò la ń wá.

Àwọn ìwé òfin ló jẹ́ kí n rí ibi tí "aládàáṣe" ti kù díẹ̀ káàtó. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1893, Ààrẹ Benjamin Harrison ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó ní kí gbogbo ọkọ̀ ojú irin tó ń ná ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ní ìkọ́ tó ń kọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kanra, tó sì ṣeé tú láìjẹ́ pé ènìyàn wọ àárín ọkọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin náà bèèrè.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1900, ní Promontory ní ìpínlẹ̀ Utah, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ bíréèkì kan tó ń jẹ́ Johnson mú ẹ́ńjìnnì kan so mọ́ kóòṣì tí àwọn èrò ti ń jẹun. Ìkọ́ Janney ló wà lára ẹ́ńjìnnì, ti Miller, irú mìíràn tó ń kọ́ fúnra rẹ̀, ló wà lára kóòṣì. Janney bá pàdé Janney, wọ́n á kọ́ra. Miller bá pàdé Miller, wọ́n á kọ́ra. Janney àti Miller kò bára mu. Johnson wọ àárín láti fi ọwọ́ ṣe é, ọwọ́ náà há, wọ́n sì gé e kúrò lókè ọrùn ọwọ́.

Ó pẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kò lẹ́jọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ ni òfin dárúkọ, ẹ́ńjìnnì kì í sì í ṣe ọkọ̀. Wọ́n tún ní èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ó ń kọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tó wà lára kóòṣì, ó ń kọ́ fúnra rẹ̀. Òfin kò sọ pé dandan ni kí wọ́n lè kọ́ ara wọn. Ẹ ò rí i pé àríyànjiyàn bíi tiwa yìí náà ni, àmọ́ ọwọ́ ènìyàn ló wà nílẹ̀. Ní 1904, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dojú ìdájọ́ yẹn dé. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí òfin pè ní ọkọ̀, àti pé ohun tí òfin ń fẹ́ ni kí ìkọ́ méjì tó dojú kọra lè kọ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ àárín. (Lédè Yorùbá, àríyànjiyàn lórí bóyá ẹ́ńjìnnì jẹ́ ọkọ̀ ì bá má tilẹ̀ wáyé. Ohun tó ń gbé wa tàbí tó ń wọ́ ẹrù, orí omi ni o, òfuurufú ni o, ọkọ̀ ni.)

Ẹ wá fi ojú ìyẹn wo "dá". Ẹni tó ń dá gbé, òun nìkan ló ń gbé. Ẹni tó dá jẹun, kò sẹ́ni tó bá a jẹ. "Aládàáṣe" àti "adákọ́" ń sọ fún wa pé agbára láti kọ́ wà nínú irin kan ṣoṣo, ohun tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà rò nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ rò pé inú àwọn méjèèjì ló wà. Èdè wa sì ti ní ègé ọ̀rọ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ láìlàágùn: "ra" tó wà nínú "dìmọ́ra", "sún mọ́ra", "bára mu". Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá "ìkọ́ akọ́ra": ìkọ́ tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń kọ́ ara wọn.

Àwọn tó ń ṣe irin yìí mọ̀ pé "ra" ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Tuntun kò lè kọ́ra pẹ̀lú àtijọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Japan kò fi rọra pààrọ̀ tiwọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ọdún bíi mélòó kan gbára dì, wọ́n sì pààrọ̀ ti wágọ̀nù ẹrù ní erékùṣù Honshu ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje ọdún 1925. Rọ́ṣíà bẹ̀rẹ̀ tiwọn láàárín ọdún 1930 sí 1940, wọn ò parí rẹ̀ títí di 1957. Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn: nígbà tí tuntun àti àtijọ́ ṣì ń pàdé, wọ́n la àárín ìka Janney, wọ́n sì lu ihò sí i, kí òrùka àti píìnì ayé àtijọ́ lè wọ̀ ọ́. Àlàfo yẹn sọ ìka náà di aláìlágbára, ó sì tún dá ọwọ́ ènìyàn padà sáàárín fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní "akọ́ra" lè dà bí ẹni tó kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Òótọ́ ni, bó bá dá dúró. Ìdí tí "ìkọ́" fi ṣáájú rẹ̀ nìyẹn. Ti pé ẹni tí kò bá fi àmì sí "ìkọ́" yóò sọ ọ́ di ikọ́ tí à ń hú, ẹjọ́ ìkọ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹlòmíì bèèrè pé ṣé a ó wá pe èyí tó ń tú fúnra rẹ̀ ní "atúra". Rárá o, kì í sì í ṣe torí pé rélùwéè yóò máa túra ká lójú ọ̀nà nìkan. Títú kì í ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Nínú ti Janney, bí ẹ bá gbé irin àtìpa ọ̀kan ṣoṣo sókè, àwọn méjèèjì á bọ́ lára wọn. Níbí ni "dá" ẹ̀gbọ́n wa ti wúlò: kí a pe èyí tí awakọ̀ lè tú láti ibi tó jókòó sí, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀pá, ní "adátú". Ìkọ́ Janney jẹ́ akọ́ra, kì í ṣe adátú.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti onígírámà lásán. Ìkọ́ tuntun tí wọ́n ń ṣètò fún wágọ̀nù ẹrù ní Yúróòpù, tí wọ́n yan ti Scharfenberg fún ní 2021, ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Ìpele kìíní, irin nìkan ló ń kọ́ra. Ìkejì, páìpù afẹ́fẹ́ bíréèkì á kọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Ìkẹta fi iná mànàmáná kún un, ìkẹrin fi wáyà ìsọfúnni kún un, ìkarùn-ún ló wá lè dátú. Èwo nínú wọn ni "aládàáṣe"? Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ṣì ń wọ àárín láti fi ọwọ́ so rọ́bà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí ìkọ́ bá ti kọ́ra. Bí ìka méjèèjì bá sì wà ní pípadé, wọn ò ní kọ́ra láéláé. Ó di dandan kí ẹnì kan lọ ṣí ọ̀kan. Ibẹ̀ ni jàǹbá ṣì ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ìwé ìkọ́ni bá wí fún ọmọṣẹ́ pé irin náà ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ohun tó ku sáàárín náà ni kò ní fiyè sí. "Akọ́ra" kò ṣèlérí ju ohun tó lè ṣe lọ, a sì lè fi ohun tó bá ń kọ́ra kún un: akọ́rin, akọ́fẹ́fẹ́, akọ́ná. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ké sí mi lórí "akọ́rin", torí akọrin wà nítòsí rẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀.

Lórí ẹ̀yà ara rẹ̀, mi ò ní pẹ́. "Ìka" ju "oríkèé" lọ, torí píìnì tó ń yí lórí rẹ̀ ni oríkèé. "Pẹpẹ" dára fún irin pẹlẹbẹ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ìkọ́ ọkọ̀ epo àti ti kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ kúrò lójú irin, ìkọ́ ọ̀kan lè yọ sókè kúrò nínú èkejì kó sì gún ojú táńkì tó wà níwájú rẹ̀. Pẹpẹ kì í jẹ́ kó yọ sókè tàbí sísàlẹ̀. "Ìkọ́ akọ́ra onípẹpẹ méjì" gùn, àmọ́ ó sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ku "ìsopọ̀", tí ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ràn, tí mi ò sì fẹ́ kó ṣòfò. Àwọn wágọ̀nù kan wà tí wọ́n fi ọ̀pá irin kan ṣoṣo dè pọ̀ ní méjì-méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ibi àtúnṣe nìkan ni wọ́n ti lè yà wọ́n. Kò ní ìka, kò ní eyín, kò ní àtìpa, kò sì sí ìgbà tí wágọ̀nù méjì yóò pàdé lójú irin tí ọ̀pá yẹn yóò kọ́ nǹkan kan. "Ọ̀pá ìsopọ̀" ni mo fẹ́ ká pe ìyẹn, àyàfi tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀.