Fíìmù samurai tí ẹ kọ́kọ́ wò: ẹ wá sọ ohun tó fojú yín rí

Ọmọ Teṣan:
Ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí bàbá mi gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wálé, ọ̀rẹ́ wọn kan ló yá wọn, gbogbo wa ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n torí a rò pé kọnfú ni, àfi bá a ṣe rí i pé dúdú àti funfun ni àwòrán ẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ló kàn lóṣòó sílẹ̀ tí wọ́n ń sunkún. Seven Samurai ni, fíìmù Jàpáànù tí Akira Kurosawa darí ní ọdún 1954; samurai ni wọ́n ń pe jagunjagun onídà ayé àtijọ́ níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 27.

Màmá mi ò gbọ́ òyìnbó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ sì ń sáré, ni bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ní Yorùbá, wọ́n ń yí ohùn padà fún kálukú. Kambei tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ohùn baálẹ̀ ni wọ́n fún un. Kikuchiyo, èyí tí Toshiro Mifune ṣe, ohùn ọmọ gáréèjì ni. Títí dòní tí mo bá ń wo Mifune, ohùn bàbá mi ni mo ń gbọ́.

Ibi tó mú màmá mi nìyí o. Àwọn ìgárá ti kó ìrẹsì abúlé yẹn lọ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ní báálì bá gbó àwọn ń padà bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ò lówó tí wọ́n á fi gba jagunjagun, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ní, wọ́n á fún samurai ní ìrẹsì, àwọn fúnra wọn á máa jẹ jéró. Wọ́n wà nílé èrò nílùú tí wọ́n ń wá ẹni tó máa gbà, ni olè bá jí ìrẹsì yẹn lọ nínú ìkòkò. Ìwọ̀nba tó dà sílẹ̀ ni àgbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ wá ń ṣà lórí pákó, hóró kan, hóró kan, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá mi ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀: ṣà á jàre, ṣà á, má fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Mo kà á nígbà tó yá pé fíìmù mìíràn ni Kurosawa àti àwọn tó ń bá a kọ̀wé fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé samurai kan, wọ́n wá pa á tì torí wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú nípa àwọn nǹkan kéékèèké irú bí oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó lè torí oúnjẹ ọ̀sán pa fíìmù tì, kò yà mí lẹ́nu pé òun ló ya hóró ìrẹsì báyẹn.

Ó wá ku bíi wákàtí kan kó tán, wọ́n ti kórè báálì, amí àwọn ìgárá mẹ́ta ti yọ, iná lọ. Bàbá mi ti wo fíìmù náà rí, wọ́n bá jókòó sínú òkùnkùn wọ́n parí ẹ̀ fún wa lẹ́nu, pé wọ́n jà, wọ́n ṣẹ́gun, àwọn méjèèje bá tirẹ̀ lọ láyọ̀. Màmá mi ṣe àmín. Àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ti dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó wò ó tán lórí kọ̀ǹpútà, mo wá rí sàréè mẹ́rin lórí òkìtì, idà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta péré ló kù. Mi ò sọ fún màmá mi títí di ìsinsìnyí, bàbá mi sì ti lọ sinmi. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ará Peckham:
Àbúrò, fi han màmá o, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Tèmi kì í ṣe ti Kurosawa. Harakiri ni, Masaki Kobayashi ló ṣe é ní 1962. Sinimá kékeré kan ní London níbí ni mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n ká lọ, mo rò pé ìjà ni màá wò. Wákàtí kan kọjá kò sí ìjà, ọkùnrin kan ló jókòó lórí ẹní láàárín àgbàlá ilé ìjòyè tó ń rọra sọ ìtàn ayé ẹ̀, mi ò sì lè mí.

Ẹ ní láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànù nígbà yẹn kó tó yé yín bó ṣe yẹ. Ogun Sekigahara ti parí ní 1600, ìdílé Tokugawa ti di shogun, olórí ogun tó ń ṣàkóso gbogbo Jàpáànù, ní 1603, àlàáfíà dé. Àlàáfíà dára, àmọ́ kí ni ẹni tó jẹ́ pé ogun jíjà ni iṣẹ́ ẹ̀ fẹ́ jẹ? Ìrẹsì ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ samurai, tí shogun bá sì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjòyè kan, gbogbo ọmọ ogun abẹ́ ẹ̀ ti di ronin nìyẹn, wọn ò lọ́gàá mọ́, wọn ò ní ìrẹsì mọ́. Tsugumo, ọkùnrin inú fíìmù yẹn tí Tatsuya Nakadai ṣe, ọmọ ogun Fukushima ni, wọ́n sì gba Hiroshima lọ́wọ́ olórí ilé Fukushima lóòótọ́ ní 1619. Ọdún 1630 ni ìtàn fíìmù náà.

Ọkọ ọmọ ẹ̀ ti lọ sí ilé ìjòyè yẹn ṣáájú, ó ní òun fẹ́ la ikùn ara òun ní àgbàlá wọn kí òun lè kú ikú iyì. Ó ń retí pé wọ́n á fún òun lówó díẹ̀ kí wọ́n sì ní kó máa lọ, torí ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn nílé. Wọ́n ní ó ti sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ ṣe é. Wọ́n yọ idà ẹ̀ nínú àkọ̀, ọparun ni. Ó ti ta irin ẹ̀ fi tọ́jú ìyàwó. Wọ́n ní kó fi ọparun yẹn ṣe é.

Ikú yá ju ẹ̀sín, inú òwe yẹn ni mo dàgbà sí, bàbá mi àgbà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i bí ẹni tó yó ṣe lè gbé e lé ẹni tí ebi ń pa lọ́rùn. Nígbà tí Tsugumo wá gbé ìhámọ́ra àwọn baba ńlá ilé yẹn fọ́ mọ́lẹ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, òfìfo, mo dìde dúró nínú sinimá láìmọ̀. Wọ́n sì tò ó padà, wọ́n kọ irọ́ sínú ìwé ilé, ó parí.

Ọ̀pá Afọ́jú:
Èmi o, Zatoichi ni tèmi. Afọ́jú tó ń fọwọ́ ra ara èèyàn jẹun, tó ń ta tẹ́tẹ́, etí ẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí dáìsì dojú kọ, idà wà nínú ọ̀pá ẹ̀. Kì í tiẹ̀ ṣe samurai. Shintaro Katsu ṣe é nínú fíìmù 26 láti 1962 dé 1989. Mo ti wo 19, mò ń bọ̀ lórí ìyókù.

Bọ̀dá Onímọ́tò:
Iléeṣẹ́ mi rán mi lọ sí Tokyo fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí a jọ lọ ń wá ibi tí wọ́n á ti ra fóònù, èmi wọ rélùwéè ó di tẹ́ḿpìlì Sengakuji. Ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn ronin 47 sí. Mo ti wo fíìmù wọn tó mẹ́rin, oríṣiríṣi ló wà, àti ìgbà tí fíìmù ò ní ohùn ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ni. Ní 1701 Asano tó jẹ́ olúwa Ako fa idà yọ sí ìjòyè kan tó ń jẹ́ Kira nínú ààfin shogun, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó pa ara ẹ̀, wọ́n sì gba ilẹ̀ ẹ̀. Oishi tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ọmọ ogun ẹ̀ wá ń mutí kiri Kyoto kí àwọn amí lè rò pé ayé ẹ̀ ti bàjẹ́, àṣé sùúrù ni. Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ kí wọ́n tó ya wọ ilé Kira lóru, ìbẹ̀rẹ̀ 1703 ni lórí kàlẹ́ńdà tiwa, wọ́n gbé orí ẹ̀ rìn la Edo, Tokyo ti òní, já lọ sí ibojì ọ̀gá wọn. Shogun ní kí 46 nínú wọn pa ara wọn.

Kànga tí wọ́n ti fọ orí Kira ṣì wà níbẹ̀, kékeré ni, wọ́n fi igi sọgbà yí i ká. O máa ra tùràrí, wọ́n á tanná sí i fún ẹ, o máa lọ láti sàréè kan sí èkejì, òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn, èéfín ń wọ̀ mí lójú. Màmá àgbàlagbà kan ṣáájú mi, kò fo ọ̀kankan. Nígbà tó dé ti Chikara, ọmọ Oishi tí kò ju ọmọ ọdún 16 lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 nílé. Gbogbo ariwo tí mo ti ń pa lórí fíìmù yẹn látọjọ́ yìí, bó ṣe dùn tó, ẹnu mi wọhò.

Ọmọ Òkè Àdó:
Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọwọ́ kan ohun tí ẹ fò. Ìbọn. Ẹ padà lọ wo Seven Samurai, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kú, ìbọn ló pa gbogbo wọn, kò sí ẹni tí idà pa. Kyuzo tó mọ idà lò jù, tó dá wọ inú igbó lóru tó sì gba ìbọn kan bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìgárá, ìbọn náà ló tún pa á. Tsugumo pàápàá, ìbọn ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Kagemusha ti 1980, gbogbo rẹ̀ ń lọ síbi ogun Nagashino ti 1575 ni, níbi tí ìbọn olórí ogun tó ń jẹ́ Oda Nobunaga ti gbá àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Takeda lọ.

Àwọn Potogí ló mú ṣakabùlà dé erékùṣù Tanegashima ní 1543, kò sì pẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ Jàpáànù fi ń rọ ọ́ fúnra wọn. Nobunaga yìí kan náà ló gba Yasuke, aláwọ̀ dúdú tí àwọn àlùfáà Jesuit mú wá, sọ́dọ̀ ní 1581, ó ní kí wọ́n fọ ara ẹ̀ wò bóyá tàdáwà ni. Lẹ́yìn ìgbà náà ní 1588 Hideyoshi, tó gbapò Nobunaga, pàṣẹ kí wọ́n gba gbogbo idà ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ ro Kikuchiyo wò. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ó ń pe ara ẹ̀ ní samurai. Ká ní ọdún díẹ̀ sí i ni, wọn ò ní jẹ́ kó di idà mú rárá.

Èmi tí wọ́n kọ́ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú ni í ti í gbà á, ó dùn mí dé egungun, torí ọta ìbọn ò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Wọ́n ka idà gbígbé kiri léèwọ̀ ní 1876, ní 1877 Saigo Takamori kó àwọn samurai Satsuma jagun ìkẹyìn. Ọdún 1877 yẹn náà ni Kìrìjì bẹ́ sílẹ̀ nílé níbí, ìró ìbọn ló fún ogun yẹn lórúkọ, ìbọn tuntun tí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó ń fi ránṣẹ́ sílé. Ìdí tí mi ò fi lè wo fíìmù yìí bí ìtàn àlejò nìyẹn.

Ọmọ Teṣan:
Mo ti fi han màmá mi o. Ọjọ́ Sátidé. Èmi ni mo ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fún wọn, mo gbìyànjú ohùn baálẹ̀ yẹn, kò jọ ti bàbá mi.

Nígbà tí Heihachi kú, òun ló ṣe àsíá wọn, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní bàbá yín ní gbogbo wọn délé. Mi ò fèsì. Gorobei tún kú. Wọ́n fún ọwọ́ mi mọ́ ọwọ́ wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀, Kyuzo, lẹ́yìn náà Kikuchiyo nínú ẹrọ̀fọ̀, àwọn àgbẹ̀ wá ń lù, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbin ìrẹsì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù dúró wọ́n ń wo sàréè. Màmá mi béèrè pé, ṣé bàbá yín mọ̀? Mo ní wọ́n mọ̀, mà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n wá ní kí n dá a padà síbi tí wọ́n ti ń ṣa ìrẹsì.