Èsì: “Àrùn amusìgá” kọ́ ni orúkọ tó yẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ṣàgámù lọ́jọ́ Ẹtì dábàá pé kí á máa pe jẹjẹrẹ tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ní “àrùn amusìgá”. Wọ́n ní orúkọ náà kúrú, ó yé ọmọdé, yóò sì dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu sìgá ní gáréèjì. Àbúrò kan fèsì pé kí la tún ń wá kiri, ṣebí “jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀” ti wà nílẹ̀. Mo ka èsì méjèèjì, oorun ò kùn mí mọ́.

Gàrí ni àbúrò ìyá mi ń yan ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹni tó bá ti dúró ti agbada gàrí rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Orí àpótí kékeré ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á yẹ ẹsẹ̀ kúrò lẹ́nu ààrò, wọ́n á máa fi igbá ro gàrí lọ ro ó bọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, wọ́n á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, èéfín á tún tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Wọn kò fi sìgá kan ẹnu rí láyé wọn.

Ikọ́ kan wá bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta, kò lọ. Wọ́n rù, ohùn wọn há, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni gbogbo wa kọ́kọ́ rò, nítorí àmì àwọn méjèèjì jọra. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán àyà wọn tán tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n fún wọn ní ìwé pélébé kan ní èdè wa kí wọ́n kà á délé. “Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀” ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ará, màmá yìí mọ̀wé kà. Wọ́n kà á, wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n lọ ra àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, wọ́n mu ún fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, wọn kò padà sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi tọ́jú ibi tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pẹ̀lú àbúrò. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí. Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: tí a bá ní kí èèyàn fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, ẹ̀dọ̀ wo là ń sọ? Èyí tí òróòro wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ikùn ni. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti rí inú ẹran, ó mọ ohun tó wà lórí èkejì. Òróòro kò sí nítòsí ibi tí a fi ń mí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ra ẹ̀dọ̀ díẹ̀ àti fùkù díẹ̀, ìyẹn ẹ̀dọ̀fóró màlúù, lọ́wọ́ alápatà kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi jù wọ́n sínú bàsíà omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ lọ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fùkù léfòó, ó ń mì lórí omi bíi kànìnkànìn. Alápatà ní, “Atẹ́gùn ló wà nínú ẹ̀. Èyí tó bá rì, àìsàn ti wọ̀ ọ́.” Òótọ́ ló sọ, kì í sì í ṣe ti màlúù nìkan. Ẹ̀dọ̀fóró èèyàn tí òtútù àyà bá ti kún inú rẹ̀ dé ibì kan, ibi yẹn yóò rì sínú omi bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń rì.

Nítorí náà, èrò mi nìyí lórí orúkọ: “jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró” ni kí á kọ, kí ẹnikẹ́ni má gé “fóró” kúrò. Tí a bá sì ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí á fi “fùkù” tì í: “jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn fùkù tí a fi ń mí.” Ẹnìkan yóò sọ pé ti ẹran ni fùkù, pé ìwọ̀sí ni fún èèyàn. Ìfun ńkọ́? Kíndìnrín ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ kan náà la fi ń pe ti ẹran àti ti èèyàn, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo wá yí sí báyìí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ àwọn ọmọ wa ló mú yín dá àbá yẹn, àlàyé yín sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill, olùṣèwádìí ìlera méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ wá àwọn aláìsàn lẹ́nu wò ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù, Doll kọ́kọ́ rò pé ọ̀dà títì ló ń fa àrùn náà. Sìgá ni ìdáhùn ń tọ́ka sí. Kí wọ́n tó tẹ èsì wọn jáde ní 1950, Doll fúnra rẹ̀ ti pa sìgá tì. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ẹni tó ní jẹjẹrẹ yìí, nǹkan bí 85 ni sìgá fa tiwọn. N kò bá yín jiyàn lórí ìyẹn rárá.

Àwọn 15 tó kù ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tí a wá là á yé àbúrò ìyá mi pé àyà ni àrùn náà wà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí alábàágbé wọn bi wọ́n ni, “Àṣé ẹ máa ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀?” Láti ọjọ́ náà wọn kò sọ orúkọ àrùn wọn fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọ́n fi dákẹ́. Orúkọ tó bá ti di ẹjọ́ mọ́ aláìsàn lọ́rùn, yóò lé e kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ wo ìtọ̀ ṣúgà. Nítorí pé ṣúgà wà lórúkọ rẹ̀, mélòó nínú àwọn èèyàn wa ló ń sọ pé “èmi kì í jẹ ṣúgà, kò lè mú mi”?

Dókítà kò sọ pé èéfín gàrí ló fa ti màmá, èmi náà kò ní sọ ọ́. Àjọ IARC tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún àgbáyé sọ pé èéfín igi ìdáná nínú ilé ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ti èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n sọ pé ó dájú. Wọ́n fi èéfín ẹ́ńjìnnì dísù sáàárín àwọn tó dájú ní 2012, wọ́n sì fi ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ ìta kún un ní 2013. Eruku òkúta tí àwọn tó ń fọ́ gíráníìtì ń fà símú náà wà níbẹ̀, àti rádọ́ọ̀nù, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn, tó ń ti inú ilẹ̀ àti àpáta jáde wọlé.

Ásíbẹ́tọ́ọ̀sì sì tún wà, tó ń bẹ ní àjà ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Mo ti fẹ́ dábàá “òwú òkúta” fún un, torí òkúta ni lóòótọ́, fọ́nrán rẹ̀ sì rí bí òwú. Ìyàwó mi ló ní kí n dúró ná: ta ni yóò gbọ́ “òwú” tí yóò bo imú? Mo ti fà á sẹ́yìn. Kí a fi ásíbẹ́tọ́ọ̀sì sílẹ̀ bí àwọn kápẹ́ńtà ṣe ń pè é, kí a sì sọ fún wọn kí wọ́n má fi ayùn rẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹnìkan pe èéfín tí ń ti ẹnu amusìgá wọ imú ẹlòmíràn ní “èéfín àpínmu”. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá èèyàn pín nǹkan ti gbà láti mu nínú rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ inú yàrá kò gbà. “Èéfín àfipámu” ni mo fara mọ́.

Mo ti rí àwọn tó ń tún ìwé pélébé yẹn tẹ̀, wọ́n ní kí n kọ àtúnṣe wá. Tí ó bá jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni àwọn alápatà apá Rẹ́mọ, ní Ìperu tàbí Ìṣarà, ń pe fùkù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ síbí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí n lè fi í kún un.